Gbígbé Ìhìnrere Lọ sí Ilẹ̀ Àjèjì: Ohun tí Odò Ọya Kọ́ Wa

Bí a bá dárúkọ gbígbé ìhìnrere lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́, àwòrán kan ni ó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn: ọkùnrin kan dúró lábẹ́ igi ńlá, ó mú Bíbélì lọ́wọ́, àwọn ará ìlú jókòó yí i ká, wọ́n sì ń gbọ́. A ti rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ku ohun tí ayàwòrán kò fi hàn wá. Èdè wo ni ọkùnrin náà ń sọ? Ta ni ó fún un láyè láti dúró lábẹ́ igi náà, nígbà tí kò sí igi tí kò ní ẹni tí ó ni ilẹ̀ rẹ̀? Níbo ni ó sùn mọ́jú, oúnjẹ ta ni ó sì jẹ kí ó tó jáde? Nígbà tí ó bá sì ká ìwé rẹ̀, tí ó wọ ọkọ̀ padà sí ilé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́?

Ìbéèrè wọ̀nyí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí ó lè ṣẹlẹ̀ pé a ó rán àwọn kan nínú wa kọjá ààlà ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí wọ́n bá parí ẹ̀kọ́ wọn. A kì yóò lọ jìnnà wá àpẹẹrẹ. Inú ìtàn iṣẹ́ ìhìnrere lórí Odò Ọya ni a ó ti mú un, nítorí ọmọ Yorùbá ni ó di olórí iṣẹ́ náà, ilẹ̀ tí ó sì lọ kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Bí a ti rí ìtàn náà sí, ẹni tí ó bá gbé ìhìnrere lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀, etí ni ó kọ́kọ́ nílò kí ó tó nílò ẹnu.

Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta lọ sí Odò Ọya; orúkọ wọn ni Albert, Wilberforce àti Soudan. Ète wọn ni láti bá àwọn ọba etí odò dá májẹ̀mú pé kí wọ́n fi òwò ẹrú sílẹ̀, kí òwò mìíràn sì rọ́pò rẹ̀. Ẹgbẹ́ C.M.S. fi ènìyàn méjì sí i: Schön, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Sàró, àti Àjàyí Crowther. Ní ìgbà náà Crowther kò tíì di àlùfáà, áḿbọ̀sì bíṣọ́ọ̀bù. Olùkọ́ ilé-ìwé ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń múra láti dà. Ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣogùn. Ọdún kejì rẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì mú un lọ sí Sàró.

Schön ti ṣe làálàá púpọ̀ láti kọ́ èdè Ìgbò ní Sàró, lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò tí a gbà kúrò lóko ẹrú. Ó ní ìrètí pé nígbà tí òun bá dé ìlú Aboh, ọ̀rọ̀ tí òun kọ́ yóò wúlò fún òun. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè tí ó kọ́ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: àwọn tí ó kọ́ ọ wá láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀ka èdè tirẹ̀, wọ́n sì ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn ní ilẹ̀ tí a kó wọn lọ. Ẹ wo bí yóò ti rí bí àlejò kan bá kọ́ Yorùbá ní ibi tí Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá gbé ń gbé pọ̀, tí ó sì mú àpapọ̀ yìí lọ bá àgbàlagbà kan ní Ìkálẹ̀! A kì yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ó ti gbìyànjú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá lọ tán, a ó máa bi ara wa léèrè ohun tí ó wí. Ìrẹ̀wẹ̀sì bá Schön nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yí ọwọ́ rẹ̀ padà sí èdè Háúsá, nínú èyí tí ó wá di olókìkí.

Ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní Aboh ní àwọn ọjọ́ náà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń lọ wàásù ní ilẹ̀ òkèèrè máa rántí. Ọba ìlú náà, tí a ń pè ní Obi Ossai, wá sínú ọkọ̀ nítorí ìwé májẹ̀mú. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí gbogbo ènìyàn kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, kí Ọlọ́run kí ó bùkún ohun tí wọ́n ń ṣe. Obi kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń gbàdúrà. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni pé àwọn àjèjì wọ̀nyí kúnlẹ̀ lójijì, wọ́n sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí òun kò mọ̀ ní àkókò kan náà tí wọ́n ń fẹ́ kí òun fi ọwọ́ sí ìwé wọn. Ó rò pé ògèdè ni wọ́n ń pè lé òun lórí. Nígbà tí ó dìde, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó, ó sì ń ké sí àwọn tirẹ̀ pé kí wọ́n gbé ohun ààbò òun wá kí òun fi lé ibi náà dànù.

Ẹ kíyèsí i pé àdúrà ni wọ́n gbà. Kò sí ọ̀rọ̀ búburú kan nínú rẹ̀, ire ni àwọn tí ó gbà á sì ń fẹ́ fún ọkùnrin náà. Síbẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò yé e, ire náà di èpè ní etí rẹ̀.

Ohun kejì ni ti Simon Jonas. Ọmọ Ìgbò ni Jonas. Ó ti ṣe ẹrú rí, ó gba òmìnira ní Sàró, iṣẹ́ ògbufọ̀ ni ó sì ń ṣe nínú ọkọ̀. Schön ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí Jonas ka ẹsẹ díẹ̀ nínú ìwàásù Olúwa wa lórí òkè, níbi tí a gbé ń sọ ti àwọn alábùkún-fún, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Ìgbò fún ọba. Ẹnu ya Obi. Pé òyìnbó lè ka ìwé, èyí kì í ṣe ohun ìyanu lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ọmọ Ìgbò, aláwọ̀ dúdú bí òun, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, lè wo ewé ìwé kí ó sì mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde láti inú rẹ̀, kò ronú kan irú rẹ̀ rí. Ó di ọwọ́ Jonas mú pinpin, ó ní kí ó jókòó ti òun, kí ó máa kọ́ òun àti àwọn ènìyàn òun. Ó ní àwọn òyìnbó lè gun odò lọ láìsí i, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun títí wọn yóò fi padà, tàbí títí àwọn ẹlòmíràn yóò fi dé.

Ọba kan náà ni. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ni. Ìgbàgbọ́ kan náà ni a mú wá bá a. Ti èkíní mú kí ó máa wá ààbò, ti èkejì mú kí ó máa bẹ̀bẹ̀ fún olùkọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì kò sí nínú òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. Inú èdè ni ó wà, àti nínú ẹni tí ó sọ ọ́.

Wọ́n fi Jonas sílẹ̀ ní Aboh fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ sì gun odò lọ. Gbogbo wa ni a mọ bí ìrìn-àjò náà ti parí: ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó, àwọn tí ó kù sì padà pẹ̀lú ìbànújẹ́. Nígbà tí Schön rò ó wò, ó fún àwọn tí ó rán an ní ìmọ̀ràn pé àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ni yóò gbé ìhìnrere lọ sí àárín ilẹ̀ Áfíríkà, pé kí a kọ́ wọn ní ilé-ìwé, kí a sì fi ọwọ́ gidi mú ẹ̀kọ́ èdè àwọn ènìyàn náà. Lójú tiwa, Simon Jonas wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn yìí, bí a kò tilẹ̀ ń dárúkọ rẹ̀ púpọ̀ nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn ẹni ńlá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí Obi tí ó bèèrè olùkọ́ ní 1841. Nígbà tí Crowther tún gba Aboh kọjá ní 1854, Obi Ossai ti kú. Ọdún 1857 ni iṣẹ́ náà tó fi ìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbò, Onitsha sì ni, kì í ṣe Aboh. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó wà láàrin ìbéèrè àti ìdáhùn, ẹni tí ó bèèrè kò sì sí láyé mọ́ láti gbà á. Àwa tí a ń ṣírò iye oṣù tí ó kù kí a tó gba ìwé-ẹ̀rí wa, a kò lè ka èyí kí ọkàn wa má ṣe gbọgbẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ Onitsha yẹ kí a wò dáradára. Ní oṣù July ọdún 1857 ni ọkọ̀ Dayspring gúnlẹ̀ níbẹ̀, Crowther sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àlùfáà J. C. Taylor, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò ṣùgbọ́n tí a bí sí Sàró. Wọn kò dúró ní èbúté láti máa wàásù fún ẹni tí ń kọjá lọ. Wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ Obi Akazua, ọba ìlú náà, wọ́n kí i, wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá fún un àti fún àwọn ìjòyè rẹ̀, wọ́n sì bèèrè ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ilé sí. Nígbà tí ọkọ̀ tún gun odò lọ, Taylor kò bá a lọ. Ó dúró. Ìdúró yìí gan-an ni ìwàásù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ará ìlú tí ó bá rí àlejò tí ó kọ́ ilé, tí ń ra iṣu lọ́jà wọn, tí òjò ń pa tí àìsàn sì ń mú láàrin wọn, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ó wá kó nǹkan lọ.

Ilé-ìwé ni wọ́n tún gbára lé. Nínú ọdún 1857 kan náà ni ìwé ABD tí Crowther ṣe ní èdè Ìgbò jáde. Ṣùgbọ́n Ìgbò ti Sàró ni ó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ó já Schön kulẹ̀ ní Aboh, ìṣòro náà kò sì tán lẹ́ẹ̀kan. Bíbélì Yorùbá pé ní 1884. Ti Ìgbò kò pé títí di 1913, lẹ́yìn tí T. J. Dennis àti àwọn ọmọ Ìgbò tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti sa ipá wọn láti so ọ̀pọ̀ ẹ̀ka èdè náà pọ̀ sí ojú kan.

Ní ti ògbufọ̀, ìrànlọ́wọ́ ni, ó sì tún jẹ́ ewu. Ẹni tí ó bá ti fi ògbufọ̀ wàásù rí ni ó lè sọ ọ́: oníwàásù a sọ̀rọ̀ títí òógùn yóò fi bò ó, ògbufọ̀ a fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin parí rẹ̀, àwọn ènìyàn a sì mi orí. Kí ni wọ́n mi orí sí? Kì í ṣe gbogbo ògbufọ̀ ni Simon Jonas.

Àwa Yorùbá ní ìdí púpọ̀ láti mọ bí ọ̀rọ̀ ti wúwo tó. Nígbà tí Crowther ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè wa, tí Ìwé Romu sì jáde ní 1850, kò dá orúkọ titun sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Orúkọ tí àwọn baba wa ti ń pè é ni ó lò. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ó ti wọ ẹnu àwọn ènìyàn láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí kí ìhìnrere tó dé, bí àdúrà, àlùfáà àti ìwàásù. A kò tì wọ́n sẹ́yìn nítorí ibi tí wọ́n ti wá. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá rò pé ọ̀rọ̀ Kristẹni ni wọ́n láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ó bi àwọn Mùsùlùmí àdúgbò rẹ̀ léèrè. Inú ilé ọ̀rọ̀ tí a ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ni ìhìnrere wọ̀ sí lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ni kò ṣe dàbí àlejò lẹ́nu wa lónìí. Ẹni tí yóò bá lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ní láti fara balẹ̀ wá ilé ọ̀rọ̀ tiwọn, kò sì lè rí i bí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọn kò bá òun sọ̀rọ̀: ní ọjà, ní ibi òkú, nígbà tí ìyá bá ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Nígbà mìíràn ìjàm̀bá ni ó máa ń fún ni ní àkókò fún irú gbígbọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù October ọdún 1857, Dayspring kọlu àpáta ní ẹ̀bá Jẹ́bbà, ó sì fọ́. Nǹkan bí ọdún kan gbáko ni àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ fi wà ní etí odò kí ọkọ̀ mìíràn tó dé láti Gẹ̀ẹ́sì. Crowther kò jókòó lásán láàrin àwọn Tápà. Ó ń bi wọ́n léèrè, ó ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ní 1864 ni ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Tápà tí ó ṣe jáde. Ọdún náà gan-an ni a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. (Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, pé wọn kò fi Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn sí abẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn òyìnbó tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú ṣe olórí wọn. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ àjèjì, kò sì di ti ilé ara rẹ̀.)

Bí ó ti ń ṣe nígbà tí ó bá wà láàrin àwọn tí ń bá a jiyàn hàn ní Ìlọrin ní 1872. Níwájú Ẹ́míà àti àwọn ènìyàn ààfin rẹ̀ ni wọ́n ti bi í léèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò bú wọ́n, kò sì fi ìsìn wọn wé ohun ẹ̀gàn. Ìwé Mímọ́ ní èdè Yorùbá ni ó ṣí, ó sì jẹ́ kí ìwé náà dáhùn; nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bíbí Jésù, ó ka ohun tí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì sọ fún Màríà nínú ìwé Lúùkù. Àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ mọ Gébúrẹ́lì, Jibrílù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n sì gbọ́ èdè náà. A kò wí pé wọ́n di Kristẹni ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ohun tí Kristẹni gbàgbọ́ láti inú ìwé rẹ̀, wọ́n sì túká láìsí ìjà. Lójú àwọn kan nínú wa èyí lè dàbí èrè kékeré. Kò kéré lójú ẹni tí ó bá ti rí bí àríyànjiyàn ìsìn ti ń tú ọjà ká.

A kò gbọdọ̀ fi àbùkù iṣẹ́ náà pamọ́. Àwọn tí Crowther fi sí ìlú etí odò, Sàró ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Àwọn kan nínú wọn kò gbọ́ èdè ibi tí a fi wọ́n sí, ògbufọ̀ ni wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣọ òyìnbó ni wọ́n wọ̀, àwọn ará ìlú sì kà wọ́n mọ́ òyìnbó. Crowther tìkára rẹ̀, tí èdè Yorùbá rọ̀ mọ́ lẹ́nu bẹ́ẹ̀, kò gbọ́ Ìgbò débi tí ó lè fi wàásù láìsí ògbufọ̀. Èkó ni ilé rẹ̀ wà, ó sì ń ti ibẹ̀ lọ bẹ àwọn ìjọ wò. Ohun tí ó mọ̀ ní Ìlọrin, kò ní i lọ́wọ́ ní Onitsha. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé, tí wọ́n ka àìpé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí wọn lọ́rùn, tí wọ́n lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1890. Àwọn kan jẹ̀bi nítòótọ́. Ṣùgbọ́n ó dá wa lójú pé àwọn onídàájọ́ náà kò lo etí. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi mọ ohun tí arúgbó náà ti fi ọdún púpọ̀ ṣe. Crowther kú ní Èkó ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891.

Ó ku ìbéèrè wa ìkẹyìn, ti àwọn tí a fi sílẹ̀ nígbà tí oníwàásù bá lọ. Bonny, ní ẹnu òkun, ni a ti lè rí ìdáhùn rẹ̀. Ọba ìlú náà, William Pepple, ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè fún olùkọ́ ní 1864. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ kíákíá. Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1867 ni wọ́n kéde pé àwọn awọ́nríwọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀ nítorí pé wọ́n jẹ́ ohun mímọ́ ìlú náà, kì í ṣe òrìṣà mọ́. Ẹni tí ó bá ka ìròyìn yìí nìkan yóò rò pé ìjà ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú wà nínú ìjọ, wọ́n sì pọ̀, ẹrú kò sì lágbára lórí ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Joshua Hart. Ní 1875, olówó rẹ̀ ní kí ó jẹ nínú oúnjẹ tí a fi rúbọ, ó sì kọ̀. Wọ́n fìyà jẹ ẹ́ gidigidi kí ó lè yí ọkàn padà, kò yí i. Wọ́n dè é tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n sì pa á sínú odò.

Kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n dè. Kì í ṣe olùkọ́ tí ó kọ́ ọ ní kátíkísímù. Ẹni tí ó gbọ́ ni ó san án, nínú ilé tí kò lè sá kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a bá ń ronú láti lọ bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ ìyè ní ilẹ̀ rẹ̀, ó yẹ kí a ti mọ ilé tí ó ń gbé àti ẹni tí ó ni ín, kí a sì ti pinnu bóyá a ó wà nítòsí ní ọjọ́ tí wọn yóò bi í léèrè ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Ìjọ Bonny kò fọ́. Ní 1892, lẹ́yìn ìyà tí wọ́n fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù àgbà náà, àwọn ìjọ Delta dúró fúnra wọn lábẹ́ Dandeson Crowther, ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ń fi owó ara wọn bọ́ àwọn olùṣọ́-àgùntàn wọn. Èyí jẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn tí odò gbé Joshua Hart lọ.